Alága àti Bẹ́ẹ̀dì Inú Ọ̀rá

Tẹ́ ẹ bá ti gba Odò-Ọwá kọjá rí, tẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ò rí Alága Adégbóyè, a jẹ́ pé ẹ di ojú yín kọjá ni. Kò sí ọ̀nà téèyàn lè gbà wọ ìlú yìí kó má pàdé àwòrán rẹ̀. Ó wà lára ògiri ilé ìwòsàn, ó wà lára kàlẹ́ńdà ìjọ, ó wà lára ike ìpọnmi tí wọ́n pín níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Lára ike yẹn, àwòrán tirẹ̀ tóbi ju ti olóògbé lọ.

Adégbóyè ọmọ Fọ́tò. A-rẹ́rìn-ín-kí-kámẹ́rà-tó-dé. A-ká-agbádá-sọ́rùn-bí-ẹni-gbé-ọmọ-jòjòló. Ọkọ gbohùngbohùn. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ wọ̀nyẹn o. Àwọn nọ́ọ̀sì ló máa ń fi kì í nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi kàn ń po tíì ni, etí mi sì ń gbọ́.

Èmi ni Ìyá Tóbilọ́ba. Mo ń ta búrẹ́dì, tíì àti ẹyin díndín níwájú géètì Ilé Ìwòsàn Àjùmọ̀kọ́. Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì, torí màá máa pe Alága ní "ó" nínú ìtàn yìí. Ó jù mí lọ dáadáa, ó tó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ló tán lọ́jọ́ ayẹyẹ tí mo fẹ́ sọ yìí, n ò sì tíì rí òmíràn rà.

Gbogbo ìlú ló dáwó kọ́ ilé ìwòsàn náà, ìdí tá a ṣe ń pè é ní Àjùmọ̀kọ́ nìyẹn. Wọ́n fi Adégbóyè ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o, torí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sì níṣẹ́ míì ju kó máa wọ agbádá kiri lọ. Kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Tó bá rí abẹ́rẹ́, ńṣe ló ń kọjú sí ògiri. Síbẹ̀, kò tíì jókòó gbóná lórí àga náà tó fi ní ká máa pe òun ní Alága Ìlera. Ó ra kóòtù funfun àwọn dókítà, ó sì ń wọ̀ ọ́ lé agbádá lórí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ wo mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fipá kì bọ inú àpò ìrọ̀rí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀bùn tí Màmá Susanna Ọláoyè fi ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ Odò-Ọwá ni Màmá yìí, Ìlọrin ni wọ́n ń gbé. Àbúrò wọn obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀ nílùú yìí nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọge, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn wọn látìgbà yẹn. Nígbà tí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún wọn, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì ìbímọ tuntun, irú èyí tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n tún ra ẹ̀rọ ọ́síjìn mọ́ ọn, fún ọmọ tuntun tó bá wáyé tí kò rí èémí mí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kú bí àbúrò àwọn ṣe kú.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já àwọn nǹkan náà, àwọn nọ́ọ̀sì jó títí wọ́n fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé, tó jẹ́ olórí wọn, gbá bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ra níbi tó wà lórí ilẹ̀. Agbẹ̀bí gidi ni Bọ́sẹ̀dé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò wa bọ́ sí.

Ijó yẹn ò pẹ́ rárá. Alága dé, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ wọ yàrá ìbímọ tuntun, kí wọ́n má sì ya ọ̀rá ara wọn o.

Ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe. Ta ló ń ra àga tuntun tó ń ya ọ̀rá ara ẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á? Fíríìjì tèmi náà ṣì wà nínú ọ̀rá, n ò sì rántí ọdún tá a rà á mọ́. Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé nǹkan tuntun wà nílé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rọbí lórí fíríìjì mi. Alága ti yàrá náà pa, ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ní títí di ọjọ́ tí Màmá Ọláoyè máa wá, tí kámẹ́rà máa wá, tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi máa wálé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fìdí kan nǹkan tuntun. Ó sì ti ní kí wọ́n kọ "Yàrá Ìbímọ Alága Adégbóyè" gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Orúkọ Màmá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àfi kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè kà á.

Bọ́sẹ̀dé ní àwọn aboyún ò lè dúró de kámẹ́rà.

Alága dá a lóhùn pé, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ń bímọ lórí èyí tó wà ńlẹ̀ kí n tó di alága. Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè kúrò lára nǹkan tuntun. Ṣé ìdọ̀tí la fẹ́ fi han àlejò ni?"

Èyí tó wà ńlẹ̀ tó ń sọ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi tì í. Obìnrin tó bá ń rọbí lórí rẹ̀ á máa rọbí lọ́tọ̀, á tún máa di ògiri mú lọ́tọ̀.

Àwa tá a wà nítòsí rò pé á gba ìmọ̀ràn tó bá yá. Kò gbà á. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni ti fóònù. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára, ibẹ̀ ló ti máa ń gba ìpè Màmá Ọláoyè, á sì ṣí i sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́ pé ẹni ńlá ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Màmá á béèrè bóyá àwọn obìnrin ń rí bẹ́ẹ̀dì náà lò. Alága á gbé ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, á ní, "Háà, Màmá, bẹ́ẹ̀dì yín ò sinmi. Bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òmíràn ń gùn ún." Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í súre, wọ́n á máa dárúkọ àbúrò wọn tó kú, wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi á máa wo kọ́kọ́rọ́ tó ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀, tíì á sì máa dà sí mi lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lásìkò òjò, wọ́n gbé obìnrin kan wá láti oko. Ó bímọ lórí bẹ́ẹ̀dì oníbúlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ọmọ náà rẹ̀ wọ̀ǹlẹ̀, kò ké. Bọ́sẹ̀dé nu ọmọ, ó ra á lẹ́yìn, ó fi rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ fún un ní èémí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ni ọmọ náà nílò. Ọ́síjìn wà ní yàrá kejì, ọ̀rá wà lára rẹ̀, ilẹ̀kùn tì, Alága sì wà níbi ìgbéyàwó kan ní Ìlọrin pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Bọ́sẹ̀dé pè é. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà, òun ń bọ̀ lọ́la.

Qòsím ọlọ́kadà ni Ọlọ́run fi gbà wá. Sikirat, ọmọbìnrin tó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, fò lé ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gbé ọmọ náà sí àyà, ó sì ń fi rọ́bà fún un ní èémí lójú ọ̀nà. Wọ́n gba ilé ìwòsàn Òmù-Àrán lọ nínú òjò, lójú ọ̀nà tí ẹrẹ̀ ti jẹ tán. Ọmọ náà yè. Ó ṣì wà láàyè, wọ́n ní igbe rẹ̀ kì í jẹ́ kí àdúgbò wọn sùn.

Nígbà tí ìròyìn yẹn dé, mo rò pé Bọ́sẹ̀dé máa yọ̀. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, mo po tíì fún un, tíì náà tutù síwájú rẹ̀. Mo ní kó dúpẹ́, ọmọ ṣáà ti yè.

Ó ní, "Ìyá Tóbilọ́ba, ká ní n ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà, wọ́n wá tilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́. Mo wojú ìyá ọmọ yẹn, mo sọ fún un pé kò sí nǹkan tá a lè ṣe. Nǹkan tá a lè ṣe wà lẹ́yìn ògiri."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tàpá sí ilẹ̀kùn náà. Ó ní òun ti rò ó. Alága ti búra pé nọ́ọ̀sì tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ òun ti lọ tán, àwọn kan lọ sí Ìlọrin, àwọn kan ti ré òkun kọjá. Tí òun náà bá lọ, ta ló máa gbẹ̀bí àwọn obìnrin ìlú yìí? Ó lóun ti fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ Alága ni gbogbo wọn, wọ́n kàn ń sọ fún òun pé kóun ní sùúrù. Ó wá sọ fún mi pé nígbà míì tí òun bá ń se ọbẹ̀ nílé, òun kàn máa dúró ti ìkòkò, òun ò ní mọ̀ bóyá òun ti fi iyọ̀ sí i àbí òun ò tíì fi sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Lọ́jọ́ yẹn, tí Alága bá wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, n ò mọ ohun tí ǹ bá fi sí i.

Báyìí ni ọjọ́ ìlú wa, ọjọ́ ayẹyẹ tí Alága ń dúró dè, ṣe ń sún mọ́lé. Màmá Ọláoyè pè, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn fẹ́ ni láti rí àwọn ìyá tó bímọ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, kí àwọn gbé ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn súre fún un.

Ẹ wo bí Alága ṣe ń làágùn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ó dáa, Màmá," ó pa fóònù, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìgbá a mọ́ kó tó jókòó. N ò rí irú rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tó fi rí ọgbọ́n ta sí i. Ó ní òun máa yá ọmọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní ó yá ọmọ. Ó ń lọ láti ilé dé ilé bí ẹni tó ń wá àga tí wọ́n máa jókòó lé níbi òde. Ó ṣèlérí ìrẹsì àti ankara fún ìyá tó bá gbọ́mọ wá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tuntun ò pọ̀ nílùú, torí àwọn obìnrin tó gbọ́ ti bẹ́ẹ̀dì oníbúlọ́ọ̀kù ti ń lọ bímọ sí Ìlọ́fà, sílé àdúrà, sílé ìyá wọn. Nígbà tí jòjòló tán, Alága ń mú èyí tó bá rí. Ó mú ọmọ tó ń rá. Ó mú ọmọ tó ń rìn. Ameerah, ìyàwó fọganáísà, sọ fún un pé ọmọ òun ti já lẹ́nu ọmú, ó ní kò burú, kó ṣáà pọ̀n ọ́n, kó sì fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

Ó kó wọn jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń kọ́ wọn bí ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Á ní, "Níbo lẹ bí i sí?" Gbogbo wọn á ní, "Lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá." Á ní kí wọ́n fi ẹ̀rín sí i.

Ó wá kan Bọ́sẹ̀dé. Alága sọ fún un pé kó dìde lọ́jọ́ náà, kó jẹ́rìí pé ọwọ́ òun lòun fi gbẹ̀bí gbogbo wọn. Tó bá kọ̀, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Bọ́sẹ̀dé wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní wọ́n ti gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ òun, ẹnu òun ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ni.

Ọjọ́ pé, òòrùn ràn. Wọ́n na tàpólì sí àgbàlá ilé ìwòsàn, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè ń ké. Àwọn ọmọ ìlú ti wálé láti Èkó àti Àbújá. Àwọn ìyá oní-ọmọ-àyálò jókòó sí ìlà iwájú nínú ankara tuntun. Màmá Ọláoyè dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, arúgbó tó mọ́ tónítóní, ojú wọn sì ń tàn bí wọ́n ṣe ń wo àwọn ọmọ.

Alága gba gbohùngbohùn. Ó kí ara rẹ̀ káàbọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sọ pé òun kì í rí oorun sùn nítorí ọ̀rọ̀ àwọn aboyún. Ó ní láti ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì Màmá ti dé, ẹkún kan ṣoṣo tá à ń gbọ́ nílé ìwòsàn yìí ni ẹkún ọmọ tuntun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Màmá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n dìde lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, jòjòló ni wọ́n lóòótọ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ameerah, wọ́n ní kó sọ ọmọ kalẹ̀ kí àwọn gbé e. Ameerah ń wo Alága. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó rìn lọ síbi tábìlì àwọn àlejò, ó mú bisikíìtì, ó sì ń fi eyín jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù.

Màmá ní, "Ó tó oṣù mélòó tí bẹ́ẹ̀dì mi ti dé, Alága?"

Alága ní, "Ọ́síjìn yẹn ni, Màmá. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ lágbára. Ó ń mú wọn dàgbà."

Ẹ̀rín pa wá. Mo fi ìborùn di ẹnu. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti bọ́ nínú ẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n mú àwọn lọ wo bẹ́ẹ̀dì náà.

Alága bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì dá a padà sọ́rùn. Àwa náà rọ́ tẹ̀ lé wọn, àwọn tí kò ráyè wọlé gba ojú fèrèsé. Ọ̀rá wà lára bẹ́ẹ̀dì náà bó ṣe wà lọ́jọ́ tó dé. Alága tilẹ̀ ti ní kí wọ́n nù ún kó máa dán, ó ń fọwọ́ gbá a lórí pẹ̀lú ìgbéraga, torí ó dá a lójú pé Màmá máa dúpẹ́ pé òun tọ́jú nǹkan. Ọkùnrin yẹn ò rántí yọ ọ̀rá. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Màmá jókòó sórí rẹ̀, ọ̀rá ń dún wàràwàrà lábẹ́ wọn.

Wọ́n bi í pé báwo ni gbogbo àwọn obìnrin yẹn ṣe bímọ sórí ọ̀rá yìí tí kò ya.

Alága ní, "Bí wọ́n bá ti bímọ tán ni à ń wé e padà, Màmá."

Màmá yíjú sí Bọ́sẹ̀dé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo ń gbẹ̀bí níbí. Ṣé bó ṣe wí yẹn ni?"

Alága ń fi ojú bá a wí. Ó fi ọwọ́ kan fa etí ara rẹ̀ kó lè rántí pé iṣẹ́ máa bọ́. Mo mọ̀ pé Bọ́sẹ̀dé ò ní ibòmíì tó ń lọ.

Ó ní, "Rárá, mà. Kò sẹ́ni tó bímọ lórí ẹ̀ rí. Ọmọ kan fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́ nítorí ilẹ̀kùn yìí. Mo sì ti dákẹ́ jù."

Alága ní iṣẹ́ ló rẹ nọ́ọ̀sì yìí, òòrùn ti mú un, kí wọ́n wá fún un ní omi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń mi orí. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí a fi gbọ́ ọ̀kadà tó wọ géètì lójijì. Qòsím ni. Favour ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá Favour dì í mú láti ẹ̀yìn, omi ìbímọ ti ṣàn tán sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e wọlé, Bọ́sẹ̀dé yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n gbé e síbí.

Alága dúró sáàárín, ó na apá méjèèjì. "Kó lọ sórí èyí àtijọ́ ná. A ò tíì ya fọ́tò."

Bọ́sẹ̀dé bá gba abẹ́ apá agbádá rẹ̀ kọjá. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ya ọ̀rá náà láti orí dé ìdí. Ìró yẹn dùn mọ́ mi ju orin ìjọ lọ. Màmá Ọláoyè fi ọ̀pá wọn darí gbogbo wa síta, Alága pẹ̀lú. Bọ́sẹ̀dé yọ orí síta lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n yọ wáyà ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè lára jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n fi iná fún ẹ̀rọ ọ́síjìn.

Alága ti sáré padà síbi gbohùngbohùn láti tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú," ohùn rẹ̀ sì kú. Ó gbá gbohùngbohùn, kò dún. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pẹ̀lú ọ̀fun ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́, torí ọ̀rọ̀ ti dé ìlà iwájú. Màmá jókòó láàárín àwọn ìyá, wọ́n rọra ń bi wọ́n léèrè. Ọ̀kan ní ilé àdúrà lòun bí sí. Òmíràn ní Ìlọ́fà ni. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ilé lábẹ́ igi mángòrò, kóun tó dé géètì. Ameerah ní kí wọ́n má bínú, Ìlọrin lòun bí tòun sí, ìrẹsì lòun bá wá. Bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ ìlú ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Màmá ò kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ó yá, a gbọ́ igbe Favour, igbe ńlá kan. Lẹ́yìn rẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Qòsím dì mọ́ òpó tàpólì. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wa, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún, àti Alága tó ṣì ń pariwo nípa ìlọsíwájú. Mo ń dárúkọ Jésù sínú. Ìyá Favour tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti fi èékánná há mi lápá. A dúró, a dúró, àfi bí ẹni pé ẹnì kankan ò ní jáde láti inú yàrá yẹn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ké. Igbe kékeré ni, ó dákẹ́, ó tún wá ké tagbáratagbára. Sikirat yọ sí ẹnu ọ̀nà, òógùn bò ó lójú, ó ní, "Obìnrin ni. Ó ti ń mí dáadáa. Ìyá ẹ̀ náà ò ṣe nǹkan kan."

Ariwo sọ. Qòsím jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, n ò tijú ẹ̀. Ìyá Favour wólẹ̀, gbogbo àgbàlá dákẹ́ kí ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohùn Alága ló já inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ó ti ń pariwo látàárọ̀, kò mọ̀ pé a ti dákẹ́. Ó kọjú sí Sikirat, ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

Gbogbo orí yí sí i. Ó rò pé a ò gbọ́ ni, ó tún un sọ sókè sí i. "Mo ní bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ṣé kò dọ̀tí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Màmá Ọláoyè fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ bá a títí wọ́n fi dúró síwájú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó ti dọ̀tí, Adégbóyè. Kó lè dọ̀tí ni mo ṣe rà á."

Alága wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, gbogbo wọn ń wo bàtà ara wọn. Màmá na ọwọ́, wọ́n ò tiẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, okùn rẹ̀ há mọ́ fìlà, fìlà bọ́ sílẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Màmá gbé e fún Sikirat pé kó fún Nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ìlú tó ti Èkó wá ti ń bi ara wọn léèrè ta ló tún lè ṣe alága, wọn ò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Màmá wá bi Sikirat pé tí obìnrin bá ti bímọ tán, kí ló kù tí wọ́n máa ń ṣe. Sikirat ní àwọn máa ń fọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de ẹlòmíràn.

Màmá ní, "Ẹ bomi fún un."

Mo rò pé Alága á bínú lọ sílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú dúró sí ọ̀nà géètì, kò sì sẹ́ni tó yà fún un. Wọ́n ti gbé Favour àti ọmọ rẹ̀ lọ sí yàrá ìsinmi. Alága bọ́ kóòtù funfun, ó bọ́ agbádá, ó ku bùbá. Sikirat fún un ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù ú, èkíní ya, ó fún un ní òmíràn. Ó fún un ní ọṣẹ, omi apakòkòrò àti kànìnkànìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ó ń kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ẹ̀jẹ̀, àwọn obìnrin ojú fèrèsé sì ń tọ́ka síbi tí kò rí fún un.

Nígbà tó rò pé ó ti parí, ó nà ró, ó ń mí helehele. Bọ́sẹ̀dé wọlé, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti balẹ̀. Ó fi ìka kan abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó gbé ìka wò.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un fọ̀. Abẹ́ ẹ̀ ò mọ́, àwọn méjì míì ti dé géètì."

Alága wo géètì. Lóòótọ́ ni, aboyún méjì ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó tún ki kànìnkànìn bọ inú omi.